Ta Ni Wọ́n Gbé Sórí Pẹpẹ? Ère Tánganran, Àwòrán Àtijọ́ àti Orúkọ Tó Sọnù

   Ohun tí a sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí náà la kọ sílẹ̀ síbí.

Ère kékeré kan wà tí àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ní Ìlú Ọba mọ̀ bí ẹni mowó. Amọ̀ sísun ni. Ọkùnrin kan ló dúró, ó wọ kóòtù gígùn, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, fìlà sì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àwòrán Benjamin Franklin rí, àgbà ará Amẹ́ríkà tó wà lára owó ọgọ́rùn-ún dọ́là, kò ní pẹ́ kó tó dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìsàlẹ̀ ère yẹn, níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí. Washington ni wọ́n kọ síbẹ̀! Ẹ gbé òmíràn tí ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí i, ẹ óò rí Franklin. Ẹ gbé ẹ̀kẹta, ẹ óò bá a pé wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ ẹnì kankan, wọ́n kàn pè é ní ọkùnrin ọlọ́lá Íńgíláǹdì ayé àtijọ́. Ojú kan, orúkọ mẹ́ta.

Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gan-an ni ìdí tí mo fi fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí ère tánganran ayé Ọbabìnrin Victoria, àti àwòrán àwọn èèyàn àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Àwọn kan ń kó wọn jọ nítorí ẹwà, àwọn kan nítorí èrè. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń pinnu iye tí wọ́n máa tà á, tó tún ń pinnu ìtàn tí a máa gbà gbọ́, kò ju orúkọ tí ẹnì kan kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Orúkọ yẹn sì lè jẹ́ irọ́.

Ibi tí ère náà ti wá

Victoria jọba láti 1837 títí di 1901. Ní gbogbo àkókò yẹn, agbègbè Staffordshire, ní àárín gbùngbùn Íńgíláǹdì, ni ìlú àwọn amọ̀kòkò. Ìlú mẹ́fà ló sún mọ́ra níbẹ̀: Tunstall, Burslem, Hanley, Stoke, Fenton àti Longton. Ní 1910 ni wọ́n da gbogbo wọn pọ̀ di ìlú kan, tí à ń pè ní Stoke-on-Trent lónìí. Èédú pọ̀ nínú ilẹ̀ wọn, amọ̀ náà sì wà. Amọ̀ funfun tí wọn ò ní, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá láti gúúsù, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ́ odò àtọwọ́dá Trent and Mersey tán ní 1777. Ààrò tí wọ́n fi ń sun amọ̀ ga fíofío, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì tín-ín-rín bíi ti ìgò. Bí wọ́n bá ti dáná sí i, èéfín á bo ojú ọ̀run.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ère yìí kì í fẹ́ sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́sílénì, kì í ṣe pọ́sílénì rárá. Amọ̀ sísun lásán ni, tí wọ́n fi ọ̀dà dídán bò. Pọ́sílénì gidi, níbi tó bá ti fẹ́lẹ́, ẹ gbé e síwájú iná, ẹ óò rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá díẹ̀. Irú rẹ̀ kan tó gbajúmọ̀ láyé Victoria ni Parian, tó funfun bí òkúta mábù, tí àwọn iléeṣẹ́ bíi Minton àti Copeland bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní àwọn ọdún 1840. Ìyẹn wà fún pálọ̀ àwọn tó rí jájẹ. Ère amọ̀ aláràbarà ló wà fún mẹ̀kúnnù.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á tẹ amọ̀ mọ́ inú mọ́ọ̀dù méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn. Wọ́n á pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sun ún, wọ́n á fi ọ̀dà kùn ún, wọ́n á tún un sun. Ẹ̀yìn ère náà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, wọn kì í sì í fi ọ̀dà ṣòfò síbẹ̀. Kí ló fà á? Ara ògiri ni wọ́n máa gbé e tì, lórí pẹpẹ tó wà lókè ibi ìdáná nínú pálọ̀. Ìlú òtútù ni. Ibi ìdáná yẹn ni gbogbo ilé ń pé jọ sí lálẹ́. Ẹni tó bá wà lórí pẹpẹ yẹn dà bí ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wà lókè tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ àwọn òbí wa. Òun ni ilé náà fi ń yangàn fún àlejò.

Ọwọ́ tó mọ ọ́n

Ọwọ́ ta ló wà nídìí iṣẹ́ yìí? Ọwọ́ ọmọdé wà níbẹ̀ dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, ìjọba rán ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Samuel Scriven lọ wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́ láwọn iléeṣẹ́ amọ̀. Ó bá àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn kan ni láti gbé mọ́ọ̀dù tí amọ̀ tútù wà lára rẹ̀ sáré lọ sí yàrá gbígbóná tí wọ́n ti ń gbẹ ẹ́, kí wọ́n sì tún sáré padà wá gbé òmíràn, láti àárọ̀ kùtù dalẹ́. Àwọn tó ń ri nǹkan bọ inú ọ̀dà dídán ń fọwọ́ kan òjé lójoojúmọ́, òjé náà sì ń wọ ara wọn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbà náà ni Charles Shaw. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Tunstall. Nígbà tó dàgbà tán, ó kọ ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀ nínú ìwé kan, When I Was a Child, tó jáde ní 1903. Ní ti òfin tó ń dáàbò bo ọmọdé níléeṣẹ́, ó di 1864 kí wọ́n tó nà án dé ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò. Ẹ ṣírò ọ̀hún wò: ère Victoria àti Albert, ọkọ rẹ̀, ti wà lórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin yẹn tó dé.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí rèé. Ọbabìnrin ní orúkọ nísàlẹ̀ ère. Ọmọ tó gbé mọ́ọ̀dù rẹ̀ sáré kò ní.

Àwọn wo ló yẹ lórí pẹpẹ?

Nígbà tí Victoria fẹ́ Albert ní 1840, àwọn amọ̀kòkò rí ọjà. Wọ́n mọ ère tọkọtaya náà, wọ́n mọ ère àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí ogun Crimea bẹ́ sílẹ̀, tí Íńgíláǹdì sì wọ̀ ọ́ ní 1854, ère ọ̀gágun jáde, ti Florence Nightingale náà jáde, obìnrin tó lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Ní 1860, Tom Sayers ti Íńgíláǹdì àti John Heenan ti Amẹ́ríkà ta ẹ̀ṣẹ́, gbogbo ìlú ń sọ ọ́. Àwọn méjèèjì di ère. Garibaldi, akọni ilẹ̀ Ítálì, wá sí London ní 1864, èrò ya bò ó. Òun náà di ère. Àwọn oníwàásù bíi John Wesley àti Charles Spurgeon wà níbẹ̀. Ajá onírun jọ̀wọ̀lọ̀ náà wà níbẹ̀, ní méjì-méjì, ọ̀kan á kọjú sọ́tùn-ún, ìkejì á kọjú sósì. Ajá yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì mọ̀ jù títí dòní.

Ẹ tún gbọ́ èyí: apààyàn pàápàá di ère. James Rush yìnbọn pa bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ní ilé wọn ní Norfolk ní 1848, wọ́n sì yẹgi fún un ní 1849. Àwọn amọ̀kòkò mọ ère rẹ̀, wọ́n sì tún mọ ilé tí ìpànìyàn náà ti ṣẹlẹ̀. William Palmer, dókítà tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní májèlé jẹ, ni wọ́n yẹgi fún ní Stafford ní 1856. Òun àti ilé rẹ̀ náà dé orí pẹpẹ. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé ayé yìí ló bàjẹ́, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwa ọ̀dọ́ ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ọ̀daràn di gbajúmọ̀, ẹ fi ère Palmer hàn án. Ohun tó bá ti ń jà ràn-ìn nílùú ni wọ́n ń mọ.

Ní 1852, ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà, tí Harriet Beecher Stowe kọ, Uncle Tom's Cabin. Ó tako òwò ẹrú, ó sì tà ní Íńgíláǹdì bí àkàrà gbígbóná. Kò pẹ́ tí ère Tom, ọkùnrin dúdú tó jẹ́ ẹrú, pẹ̀lú Eva, ọmọbìnrin òyìnbó kékeré inú ìwé náà, fi gba ìgboro. Ìdílé òyìnbó tí kò tíì fojú kan ọmọ Áfíríkà rí láyé wọn gbé ọkùnrin dúdú sórí pẹpẹ. Inú rere ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún yẹn kan náà, òwú tí àwọn ẹrú ń ká ní gúúsù Amẹ́ríkà ni iléeṣẹ́ aṣọ agbègbè Manchester ń lò. Ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n jẹ́ èèyàn inú ìtàn. Àwọn tó ń ká òwú tó di aṣọ ọrùn wọn, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti àwọn amọ̀kòkò Staffordshire, ọjà ni wọ́n wò. Wọn ò rí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n mọ ère wọn rí. Àwòrán inú ìwé ìròyìn, bíi Illustrated London News tó bẹ̀rẹ̀ ní 1842, àti àwòrán ẹ̀yìn ìwé orin, ni wọ́n ń wò kọ́. Bí akọni kan bá di ẹni ìgbàgbé, tí òmíràn sì gòkè, mọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì wà ńlẹ̀. Wọ́n á yí àwọ̀ kóòtù padà, wọ́n á kọ orúkọ tuntun. Bí Franklin ṣe di Washington nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti àwọn tó ń kó o jọ. Lẹ́yìn tí Victoria wàjà, àwọn ọlọ́lá kò ka ère yìí sí, wọ́n ní nǹkan ará oko ni. Díẹ̀díẹ̀ làwọn èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní 1970, P. D. Gordon Pugh tẹ ìwé ńlá kan jáde tó to àwọn ère náà lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹni tó dúró fún. Àwọn ère tó kó jọ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Stoke-on-Trent. Láti ìgbà náà, ère tó bá ní orúkọ máa ń wọ́n ju aláìlórúkọ lọ. Àyà ẹlòmíràn kò sì já láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí èyí tí kò ní.

Ayédèrú pọ̀ nínú ọjà yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni olè. Iléeṣẹ́ William Kent ní Burslem kò yé mọ ère láti inú mọ́ọ̀dù àtijọ́ títí di 1962. Ní 1948, wọ́n rí àwọn mọ́ọ̀dù Sampson Smith, amọ̀kòkò Longton, nínú ilé tí wọ́n ti pa tì, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n. Nítorí náà, mọ́ọ̀dù lè jẹ́ ti ayé Victoria, kí ère jẹ́ ti àná.

Báwo wá lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹ gbé e lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ máa ń nípọn, kì í sì í dọ́gba nínú. Èyí tí wọ́n da amọ̀ olómi sínú mọ́ọ̀dù rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Ẹ yí i sókè, kí ẹ wo ihò tí ooru ń gbà jáde. Ihò kékeré ló máa ń wà lára ti àtijọ́. Ihò ńlá lára ọ̀pọ̀ tòde òní. Ẹ wo wúrà rẹ̀. Wúrà àtijọ́ máa ń rọlẹ̀, á sì ti pá níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án. Èyí tó bá ń dán yanranyanran bíi ṣéènì tuntun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ìparí ọ̀rúndún yẹn tàbí tó tún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo sísán wẹ́wẹ́ tó wà lára ọ̀dà dídán rẹ̀. Bó bá dọ́gba jù níbi gbogbo, tí àwọ̀ ilẹ̀ sì wà nínú gbogbo rẹ̀, ẹ fura. Ẹnì kan lè ti mọ̀ọ́mọ̀ pa á láró. Fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè sọ ìwọ̀n fún yín. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Bó bá kọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Bàbá ńlá àfowórà

Ère wà fún mẹ̀kúnnù. Ọlọ́rọ̀ ní tirẹ̀, ó jókòó kí ayàwòrán fi ọ̀dà olóròóró ya òun sórí kánfáàsì. Ojú ọmọ, ojú ìyàwó, ojú bàbá àgbà, gbogbo wọn ló wà lára ògiri. Nígbà tí owó tán nílé tàbí tí ìdílé fọ́n ká, àwòrán wọ̀nyẹn bọ́ sọ́jà gbàǹjo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lówó á rà wọ́n, á gbé wọn kọ́ sí pálọ̀ tirẹ̀, àlejò á sì rò pé ìdílé rẹ̀ ló ni wọ́n. Bàbá ńlá àfowórà nìyẹn o.

Èdè gbàǹjo ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ayàwòrán gedegbe, wọ́n gbà pé òun ló yà á. Bí wọ́n bá ní àwọn kà á sí tirẹ̀, èrò wọn ni, kò dá wọn lójú. Bí wọ́n bá ní ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ni, ẹlòmíràn ló yà á bíi tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwòkọ ni, ẹ̀dà ni. Gbólóhùn kékeré yẹn lè gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́ùn kúrò lórí owó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń yí àwòrán padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú: irú igi wo ni, ṣé èdìdì ẹni tó ta kánfáàsì wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ti lẹ aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀? Wọ́n tún máa ń fi iná aláwọ̀ àlùkò tàn án nínú òkùnkùn. Fáníìṣì àtijọ́ á tàn bí ewéko. Ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun tún un ṣe á dúdú. Nígbà mìíràn, orúkọ tí wọ́n kọ sí igun àwòrán ló máa dúdú. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ìgbà ni ẹnì kan wá kọ ọ́ síbẹ̀.

Níbi àwòrán tí ọmọ Áfíríkà wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ń dun ni. Àwòrán kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Exeter, ti ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan tó wọ kóòtù pupa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pè é ní Olaudah Equiano, ọkùnrin tó ti jẹ́ ẹrú rí, tó sì kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní 1789. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn ìwé, wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wo aṣọ rẹ̀ àti ọwọ́ tó yà á, wọ́n rí i pé ó ti pẹ́ jù kó jẹ́ Equiano. Àwọn kan tún dárúkọ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, Àwòrán Ọmọ Áfíríkà Kan ni wọ́n wá ń pè é. Ojú wà, orúkọ kò sí.

Èyí tó wà ní Scone Palace ní Scotland yàtọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀, òyìnbó kan àti aláwọ̀ dúdú kan, tí David Martin yà ní àwọn ọdún 1770. Fún ìgbà pípẹ́, òyìnbó nìkan ni wọ́n ń dárúkọ. Èkejì, wọ́n ní ìránṣẹ́ ni. Irọ́ ni o. Dido Elizabeth Belle ni, ọmọ ìdílé náà gan-an ni, ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ òun àti èkejì rẹ̀ dàgbà, ilé Lord Mansfield, adájọ́ àgbà Íńgíláǹdì. Ìgbà tí orúkọ rẹ̀ padà dé ni àwòrán náà tó di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò.

Àìná

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ọmọ wa. Ní nǹkan bíi 1843 ni wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní Òkè-Òdàn, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa lónìí. Àìná ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí orúkọ yẹn ń sọ: ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló fún un. Ní 1848, ogun Dahomey kó ìlú náà, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì mú un lẹ́rú. Ní 1850, Ọba Gezo fi í ta Frederick Forbes lọ́rẹ, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi òyìnbó tó wá bá ọba sọ̀rọ̀ pé kó dá òwò ẹrú dúró. Forbes fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó sì fi ti ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kún un: Sarah Forbes Bonetta. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bonetta, orúkọ ọkọ̀ ni.

Victoria rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1862, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní Brighton, oníṣòwò tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tó gba òmìnira ní Sàró. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Camille Silvy, ayàwòrán ará Faransé tí àwọn ìjòyè ń lọ bá ní London, ya fọ́tò àwọn méjèèjì. Fọ́tò wọ̀nyẹn wà ní National Portrait Gallery títí di òní. Ẹ wá wọn lórí fóònù yín. Ó wọ aṣọ ńlá tó fẹ̀ bí agboòrùn, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Wọ́n padà sí Èkó. Davies wà lára àwọn tó fi owó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ọmọ wọn àkọ́kọ́ ń jẹ́ Victoria, Ọbabìnrin sì ni ìyá ìsàmì rẹ̀. Àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa Àìná ní Madeira ní 1880.

Ní 2020, English Heritage gbé àwòrán ọlọ́dà tuntun kan kọ́ sí Osborne House, ilé tí Victoria ti máa ń sinmi. Hannah Uzor ló yà á, láti inú fọ́tò Silvy. Ọmọ tó wọ ilé ọba bí ẹ̀bùn wá dé ara ògiri ilé náà. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ó lé ní àádóje ọdún tí wọ́n fi ń pe ọmọ yẹn ní orúkọ ọkọ̀, tí àwọn tó ń kọ ìtàn sì rò pé Sarah ni orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kan tó bá gbọ́ Ina nínú àkọsílẹ̀ òyìnbó ni yóò mọ̀ pé Àìná ni wọ́n ń gbìyànjú láti pè.

Ẹni tó di burọ́ṣì mú

Àìná mìíràn tún wà. Ọdún méjì lẹ́yìn ikú ti àkọ́kọ́, ní 1882, ni wọ́n bí Àìná Onabolu ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó fi wíwo àwòrán inú ìwé kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, bí àwọn amọ̀kòkò Staffordshire ṣe ṣe. Ṣùgbọ́n òun ní tirẹ̀, ó rí àwọn tó ń yà. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage ní Èkó. Ó lọ kàwé ní London ní 1920, ó padà dé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó bí a ṣe ń yàwòrán. Àwọn òyìnbó kan ní àkókò náà kò gbà pé ọmọ Áfíríkà lè ya ojú èèyàn bó ṣe rí. Onabolu kò bá wọn jiyàn púpọ̀. Ó ń yà á, ó sì ń kọ orúkọ àwọn tó yà: dókítà, olóyè, ìyá ilé. Àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ kò di ìránṣẹ́ aláìlórúkọ.

Láti ibẹ̀ ni a ti dé ọ̀dọ̀ Ben Enwonwu. Bẹ̀rẹ̀ láti 1973, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ya ọmọọba Ifẹ̀ kan, Adétutù Adémilúyì. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ wọ ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Nàìjíríà. Tutù wà lókè tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn ojúlówó náà dàwátì. Nígbà tó yá, ọ̀kan jáde ní ilé àdáni kan ní London, Bonhams sì tà á ní gbàǹjo ní oṣù kejì 2018 ní iye tó ju mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba pọ́ùn lọ. Ká ní wọ́n kọ Ọ̀dọ́bìnrin Áfíríkà Kan sí abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ká ní kò sẹ́ni tó rántí Tutù? Àwòrán náà kò ní burú sí i, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ohun kan náà.

Ẹ̀yin náà ní àwòrán o. Lórí fóònù yín nìkan, fọ́tò tó wà níbẹ̀ lè ju gbogbo èyí tó wà nílé bàbá àgbà yín lọ, bẹ́ẹ̀ mélòó ló ní orúkọ? Lára ògiri nílé, fọ́tò dúdú-àti-funfun kan wà, ti àwọn obìnrin mẹ́rin tó wọ aṣọ ẹbí. Ìyá àgbà mọ gbogbo wọn. Bàbá mọ méjì. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí ẹ bá délé lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sọ fọ́tò yẹn kalẹ̀, ẹ gbé e fún wọn, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ wọn sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọ oríkì sí i bí wọ́n bá rántí. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la, torí àgbà tó mọ orúkọ kì í dúró dè wá.